Eyín Ẹ̀gbọ́n Mi nínú Yàrá Bàbá Oníwèé

Okùn pupa ni wọ́n ta dí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn okùn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ omi dání. Ó ti kú. Ọjọ́ kan náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ kú, ọjọ́ tí àgbàrá gbé afárá lọ. Wọ́n ti gbé pátákó kékeré kan sí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé: ÌYÀWÓ. Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń wò ó bí wọ́n ti ń wo àga àti fìtílà. Obìnrin kan sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí wọ́n ti ń kí ọkọ láyé àtijọ́ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ní òun rí i, pé ojú ló ń ti òun fún ayé ìsinsìnyí. Obìnrin náà gbá a létí, wọ́n sì kọjá sí yàrá kejì.

Ìyá wa ló rán mi wá. Ní ọ̀dọ̀ wa, obìnrin kì í sùn sí ilé ọkọ. Bó bá kú, àwọn ẹbí rẹ̀ á lọ gbé e, wọ́n á sì sin ín sí ilé tí wọ́n ti bí i. Àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò gbé e fún wa. Wọ́n ní ilé náà ti di ilé ìtàn, pé ohun gbogbo tó wà nínú yàrá ọkọ rẹ̀, Bàbá Oníwèé, gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà lọ́jọ́ tí bàbá náà kú, ẹ̀gbọ́n mi sì wà nínú yàrá náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyá wa kò bá wọn jà. Ó mú ọkọ́, ó gbẹ́ sàréè sí ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, ó dúró. Ilẹ̀ mù ún dé àyà. Ó ní òun kò ní í jáde títí a ó fi gbé ọmọ òun dé. Nígbà tí mo kúrò nílé, koríko ti ń hù ní èjìká rẹ̀.

Gbogbo ọmọ iléèwé ló ń ka ìwé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá Oníwèé kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló fún un ní orúkọ náà nígbà tó wọlé wọn, nítorí ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, kì í sì í pe ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́ tó bá níbẹ̀. Gbogbo wọn ló sọ lórúkọ tuntun. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ń jẹ́ Adúmáadán. Ọ̀kan ń jẹ́ Ìbàdíàrán, ọ̀kan ń jẹ́ Eyínfúnjowó, ọ̀kan ń jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n wà nínú ẹ̀gbọ́n mi, ó gbọ́ wọn lójoojúmọ́, ó sì ń gbé wọn mì.

Adúmáadán ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ó dé fìlà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú. Àwọn kọ́kọ́rọ́ ilé náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, etí rẹ̀ ni wọ́n ti hù jáde, bó bá sì ti yí orí padà ni wọ́n ń dún.

"Ìyàwó," ó ní, "o dé?"

Mo kúnlẹ̀. "Mo dé, ọkọ mi. Ẹ kú ilé."

"Ìyá yín ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà nínú kòtò?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Kó bá wa gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, kí àyè náà má baà ṣòfò." Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn kọ́kọ́rọ́ fi ta ko ara wọn. "Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé."

"Èyí tó kúnlẹ̀ yẹn? Ìyẹn ti di ti ìjọba. Wọ́n ti kà á mọ́ ibùsùn." Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. "Ṣùgbọ́n wò ó, mi ò burú bí wọ́n ṣe ń wí. Wọlé lọ bá a. Bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ lọ, kí o gbé e. Ẹnu ara rẹ̀ o! Kì í ṣe kí o wá máa mi orí sí mi bí alángbá."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí okùn pupa náà, ó sì kàn mí ní ojúgun. Ó gbóná. Ìfun ni, ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ nínú rẹ̀ láti igun ògiri kan sí èkejì.

Àwọn sálúbàtà tó wà lábẹ́ ibùsùn ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà mi. Mo bọ́ ọ. Ilẹ̀ yàrá náà rọ̀ lẹ́sẹ̀ bí ahọ́n màlúù. Ìwé wà lára ògiri láti ìsàlẹ̀ dé àjà, awò ojú bàbá náà sì wà nínú àpótí onídígí, ó ń ṣẹ́jú. Wọ́n ti ta àwọ̀n ẹ̀fọn sí orí ibùsùn. Ẹnìkan sùn nínú rẹ̀, èémí rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí ìwé.

Mo súnmọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Ìyá wa ń retí yín. Ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ lọ sílé."

Ó gbé ojú sókè, ó mọ̀ mí. Ó la ẹnu. Kò sí eyín kankan nínú rẹ̀. Erìgì rẹ̀ ń dán bí inú igbá tuntun, afẹ́fẹ́ nìkan ló sì ń jáde láti ibẹ̀. Omi inú abọ́ gbọ̀n. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, afẹ́fẹ́ náà tún jáde, ó sì fi ojú tọ́ka sí orí tábìlì.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Bàbá Oníwèé wà lórí tábìlì náà. Eyín ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n tò sí ojú rẹ̀, wọ́n sì fi tàdáwà kọ lẹ́tà sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dá èjí rẹ̀ mọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ èjí yẹn ní àdúgbò wa, nígbà tó bá rẹ́rìn-ín ni àwọn ọkùnrin máa ń fi kẹ̀kẹ́ wọn kọlu ògiri. Wọ́n ti fi àlàfo náà sílẹ̀ láàárín eyín méjì, bó ṣe wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fi ìka kan ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ta gìrì níbi tó kúnlẹ̀ sí, omi dànù sí i láyà.

"Má fọwọ́ kàn wá," ẹ̀rọ náà ní. "Eyín tó sọ ọ̀rọ̀ dídùn la fi ń kọ ìwé dídùn."

"Ta ló yọ wọ́n?"

"Ọkọ ló yọ wọ́n. Ó ń yọ ọ́ bó bá ti nílò rẹ̀. Obìnrin náà kò pariwo. Ẹ̀yin ẹ kọ́ ọ dáadáa."

Mo rò ó pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ bẹ ẹni tó sùn náà. A kì í wọ inú yàrá àgbà kí á sì gbé ohun rẹ̀ jáde láìsọ fún un. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí n ó ṣe jí i. Irin pẹlẹbẹ kan wà lára ògiri lókè orí rẹ̀, wọ́n kọ nǹkan sí i, mo sì rò pé bóyá ìlànà ni, bóyá wọ́n kọ bí a ti ń jí i síbẹ̀. Mo gbé eékún lé ibùsùn, mo fi ìka sí abẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ, gbogbo wa la jọ ń pariwo ìwé pọ̀. Olùkọ́ wa ní ojú tí kò bá mú ẹnu dání yóò sọnù lójú ọ̀nà. Nítorí náà ni mi ò ṣe lè kàwé láìjẹ́ pé ẹnu mi sọ ọ́. Mo kà á bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kà: "Yà-rá. Tí. Je-re-má-yà. Ṣó-bọ̀-wá-lé. Ti kọ. Ì-wé. Rẹ̀. Gbo-gbo."

Mo ti dé òpin rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé orúkọ bàbá náà ni mo pè nínú yàrá rẹ̀.

Gbogbo àwọn tó wá wòran ní ìsàlẹ̀ kígbe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì tún dákẹ́. Ẹni tó sùn náà dìde jókòó. Ó fi orí ya àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn jáde láti etí rẹ̀ méjèèjì, níbi tí orúkọ náà gbà wọlé. Èmi kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ tí orúkọ náà ì bá fi pa á, ó kàn jí i ni.

"Ta ló pè mí?" ó ní.

Adúmáadán ti dé inú yàrá. "Orúkọ! O pe ọkọ rẹ lórúkọ! Lójú mi! Lórí ibùsùn rẹ̀!" Ó gbá mi létí, etí náà sì já bọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un nílẹ̀, mo fi í sínú àpò. Ó tún fi kọ́kọ́rọ́ ya ojú mi láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," Bàbá Oníwèé ní. Ohùn rẹ̀ tutù. "Kò tíì mọ̀wé tán ni. Ẹ jẹ́ kó jókòó."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Yàrá náà ti di kíláàsì, ibùsùn ti di tábìlì olùkọ́, àwọn tó wá wòran sì kún orí bẹ́ǹṣì, wọ́n ká ọwọ́ jọ. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì kúnlẹ̀ níwájú pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Bàbá Oníwèé mú pàṣán, ó ní kí n lọ kọ ọ́ sí ara pátákó dúdú pé kò dùn mí. Bí mo ti ń kọ ọ́ ni ó ń nà mí. Pàṣán náà ń kọ̀wé sí ẹ̀yìn mi. Ó ń na ẹsẹ ìwé kan, ó ń dúró, ó ń kà á, ó ń rí àṣìṣe nínú rẹ̀, ó sì ń tún un kọ. Ẹran ẹ̀yìn mi ń já bọ́ sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń tún ọ̀rọ̀ náà pè lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ohùn orin.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín," mo ní, "ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi ní eyín rẹ̀, kó lè sọ pé òun fẹ́ lọ."

"Ìwé mi ló kù díẹ̀."

"Láti ọjọ́ tí a ti gbé e fún yín ni ìwé náà ti kù díẹ̀."

Ó dá pàṣán dúró. Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ náà. "Adúmáadán, o gbọ́? Ẹnu tiẹ̀ náà mú. Ìdílé wọn ni." Ó wá sí ọ̀dọ̀ mi, ó fi àtàǹpàkò la ẹnu mi bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò, ó wo inú rẹ̀. Ó di ọ̀kan nínú eyín mi mú, ó sì fà á tu. Ó fi í sí inú ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà tó jáde wọ́, ó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ.

"Eyín yìí pẹ́ kó tó lọ sí iléèwé," ẹ̀rọ náà ní.

"Mo rí i," Bàbá Oníwèé ní. Ó jù ú sórí òrùlé láti ojú fèrèsé bí eyín ọmọdé. Ó tún padà sídìí ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó ń fi ìka wá inú erìgì rẹ̀ bóyá èyí tó kù wà. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú abọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò yí ojú padà. Ó gbé abọ́ náà dúró dáadáa, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ba ilẹ̀ jẹ́.

Ọmọ ọlọ kan wà lórí tábìlì tí wọ́n fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Ilé wa ni ó ti wá, ó wà lára ẹrù tí wọ́n fi sin ẹ̀gbọ́n mi wá sílé ọkọ, ibi tí ọwọ́ ìyá wa ti jẹ ẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Mo gbé e. Mo fi lu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà. Ẹ̀rọ náà fi ohùn ẹ̀gbọ́n mi ké. Mo tún lù ú. Bàbá Oníwèé sáré, ó fi orí rẹ̀ bo ẹ̀rọ náà bí ìyá tó fi ara bo ọmọ, mi ò sì dáwọ́ dúró. Mo ń lù ú bí ìgbà tí mo bá ń fọ́ iyọ̀. Orí rẹ̀ fọ́ bí igbá gbígbẹ. Ìwé funfun ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a dáadáa, kò sí nǹkan kan tí wọ́n kọ sí i.

"Ó ku ojú ìwé kan péré," ó ní láti abẹ́ ọwọ́ mi. "Fi èjí nìkan sílẹ̀ fún mi. Èjí nìkan."

Mo lù ú títí kò fi sọ̀rọ̀ mọ́. Adúmáadán ti gun ẹ̀yìn mi, ó ń fi eyín bu èjìká mi jẹ, ó ń tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbọn ara, ó ṣubú. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́.

Yàrá náà ti tún di yàrá. Eyín ẹ̀gbọ́n mi fọ́nká sí ilẹ̀, wọ́n ń gbìyànjú láti wọ inú ilẹ̀ rírọ̀ náà lọ. Mo kó wọn sínú ìró mi. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo fọ tàdáwà ara wọn nínú abọ́ náà, mo sì ń tẹ̀ wọ́n bọ inú erìgì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gba agbára. Mo ní láti fi àtàǹpàkò tì wọ́n kí n sì gbé ìwúwo ara mi lé e, títí yóò fi dún kẹ̀ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bò mí dé ìgúnpá. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń fún un, egungun ibẹ̀ sì ṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń sọ fún mi pé kí n máa bá a lọ. Èjí ni mo fi parí rẹ̀.

Adúmáadán ń wò wá láti ibi ògiri. Fìlà ti bọ́ lórí rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ó kúnlẹ̀ fún mi.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Kó kàn sọ pé òun fẹ́ lọ. Kó lọ ná. Kó má sọ nǹkan mìíràn."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ sílẹ̀. Ó fi ahọ́n ka eyín rẹ̀. Ó wo obìnrin náà bí a ti ń wo ẹni tí a jọ gbé ilé kan náà pẹ́.

"Ìbídùn," ó ní.

"Ẹ̀ẹ́n?" Adúmáadán ní. Ó ti dáhùn kó tó mọ̀. Ó ya láti àárín orí dé ìdí bí ẹni fi àáké la igi, ìlàjì rẹ̀ ṣubú síbí, ìlàjì ṣubú sọ́hùn-ún, àwọn kọ́kọ́rọ́ sì dà sílẹ̀ bí yìnyín. Ẹnu tó wà ní ìlàjì apá ọ̀tún ṣì ń béèrè pé ta ló kọ́ ọ lórúkọ òun.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Ìyá wa wà nínú ilẹ̀."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí wọn," ó ní.

Ó gbìyànjú láti dìde, eékún rẹ̀ kò nà. Ó ti gan sórí ìkúnlẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ṣẹ́, mo ṣe èkejì bẹ́ẹ̀, ó sì dìde. A sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ikùn rẹ̀ ga bí ti aboyún tó ti pé oṣù.

Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ló ní gbogbo àdúgbò náà. Wọ́n jáde wá pàdé wa, inú wọn dùn. "Ìyàwó! Ìyàwó Oníwèé! O mà dìde! A ti rò pé wọ́n fi ìṣó kàn ọ́ mọ́lẹ̀ ni!"

Eyínfúnjowó ń fá orí ọkùnrin kan níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi abẹ juwọ́ sí wa. "Ìyàwó mi àtàtà, wá fún mi ní omi mu."

"Ṣógúnlé," ẹ̀gbọ́n mi ní.

Ó dáhùn. Abẹ náà yípo lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba ọrùn rẹ̀ kọjá, ó sì gba ọrùn ẹni tí ó ń fá orí fún. Ọkùnrin náà ní ṣùgbọ́n òun kì í ṣe ẹbí wọn. Orí rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, nínú gọ́tà.

Ìbàdíàrán ń sá aṣọ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sókè, ó ní, "Ayọ̀wùmí." Obìnrin náà ní "Mà," ó sì já láti òkè pẹ̀lú gbogbo aṣọ rẹ̀. Nígbà tó dé ilẹ̀, ó ti ká pọ̀ bí aṣọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kó kí i. "Fílípì," ẹ̀gbọ́n mi ní. Kẹ̀kẹ́ náà kọjá lára wa, ẹsẹ̀ méjì ṣì ń wa á.

Àwọn tó kù ti ilẹ̀kùn. Ó ń pè wọ́n láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ kò ròkè, a sì ń gbọ́ bí wọ́n ti ń dáhùn, lẹ́yìn náà ohun kan á ṣubú nínú ilé. Ẹ̀jẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Bí orúkọ kan bá ti jáde, ikùn rẹ̀ á fà sẹ́yìn díẹ̀, ojú rẹ̀ á sì mọ́ sí i. Mo di ìró rẹ̀ mú lẹ́yìn, mo ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀, mi ò wọ bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó."

"Ó ku ẹyọ kan."

"Ẹ ti ń sọ pé ó ku ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ onífárí."

Ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo rí èjí rẹ̀. "O ò ní í yé ṣe àròyé," ó ní. Ó tún pe ẹnìkan. Ọmọ ni, ó dáhùn pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń dáhùn olùkọ́. Mo sunkún. Mi ò fi ìró rẹ̀ sílẹ̀, nítorí mo ti ṣèlérí pé n ó mú un dé ilé.

Nígbà tí kò sí ẹni tó ń dáhùn mọ́ ní àdúgbò náà, ó gbà láti bá mi lọ. Ilé wa ti wà ní ìparí òpópó náà, ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. A gba àárín ilé kọjá sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá wa ṣì wà nínú sàréè. Ilẹ̀ ti mù ún dé ọrùn báyìí, koríko sì ti bo etí rẹ̀.

"Àṣàkẹ́, o dé?" ó ní.

"Mo dé, màmá mi," ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Kí ló wà lára aṣọ yín?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni," mo ní. "Ti àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀."

Ìyá wa rò ó wò. "Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, màmá."

"Ó dáa, ẹ ó bá mi kí wọn," ó ní. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè láti inú ilẹ̀ kó lè gba ọmọ rẹ̀. "Máa bọ̀. Mo ti tẹ́ ẹ fún ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí etí sàréè náà. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni mo rí i pé ikùn rẹ̀ kò tíì pẹlẹbẹ. Ohun kékeré kan ṣì yọ níbẹ̀, ó tó ìkúùkù, ó ń yí. Ó wo ojú ìyá wa pẹ̀lú ìfẹ́. Ó la ẹnu. Mo mọ orúkọ tó kù nígbà náà, nítorí ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ, mo sì fi ọwọ́ mi bò ó lẹ́nu.

"Kí lo ń ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ?" ìyá wa ní.

"Ó fẹ́ pè yín lórúkọ. Bó bá pè é tí ẹ sì dáhùn, ẹ ó kú."

Erùpẹ̀ ń dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ìyá wa.

"Ó mọ̀ ọ́n?" ó ní. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tó ń béèrè ọmọ tó sọnù. "Ìyàwó ni wọ́n ń pè mí nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé yìí. Nígbà tí mo bí i, mo di Ìyá Àṣàkẹ́. Àwọn tó ń pè mí lórúkọ ti kú tán kí wọ́n tó bí ìwọ. Èmi náà ti ń ṣì í pè nínú ara mi. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò."

"Màmá, mi ò lè ṣe é."

"Mo ní kí o gbé ọwọ́ rẹ kúrò."

Mi ò gbé e kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọwọ́ náà jẹ. Kò bínú, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ibi ìka kékeré bọ̀, ojú rẹ̀ wà lára ìyá wa. Ìyá wa ti tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sí etí sàréè. Ó fi ọwọ́ fa koríko tu ní etí rẹ̀ ọ̀tún, ó nu ún títí ó fi mọ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń retí.

Mo gbé ọwọ́ kejì lé ti àkọ́kọ́.